Rọ́bà Tí Baba Kò Tètè Tú

Bí ènìyàn bá wọ ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ohun èlò eré ìdárayá lónìí, yóò rí i lórí pẹpẹ: rọ́bà pẹlẹbẹ, gígùn, tí wọ́n ká jọ bíi báńdéèjì, tí wọ́n sì fi sínú páálí. Òmíràn pupa, òmíràn ní àwọ̀ ewé. Lára páálí náà ni wọ́n ya ọkùnrin kan sí, eyín rẹ̀ funfun báláú, ó di rọ́bà mọ́ orúnkún, ó ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n kọ ọ́ sí i pé ìmọ̀ tuntun ni, pé bí eléré bá fi di oríkèé rẹ̀ fún ìṣẹ́jú méjì, tó ń ká a, tó ń nà án, tó sì wá tú u, oríkèé á rọ̀, ẹsẹ̀ á yá, fífò á sì jìnnà sí i.

Ìmọ̀ tuntun kẹ̀! Nígbà tí Baba Onírọ́bà kọ́kọ́ rí páálí yìí lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀ obìnrin, ó yẹ̀ ẹ́ wò síwá sẹ́yìn, ó fa rọ́bà inú rẹ̀ wò, ó tiẹ̀ gbé e símú.

"Rọ́bà gidi ni," ló wí. "Ṣùgbọ́n kí ló ń pa ọkùnrin yìí lẹ́rìn-ín? Ẹni tí wọ́n di rọ́bà mọ́ lórúnkún tó ń rẹ́rìn-ín, wọn ò dì í dáadáa ni."

Kí ìmọ̀ náà tó di tuntun, ó ti lé ní ogójì ọdún tó ti wà lọ́wọ́ Baba Onírọ́bà. Kò ka ìwé kankan débẹ̀. Fọkanáísà ni, ẹni tí ń lẹ táyà, ìsọ̀ rẹ̀ sì fara ti ògiri pápá ìṣeré ìlú. Ohun tó wà níbẹ̀ kò ju ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ lọ, pẹ̀lú agbada omi tó fi ń wá ibi tí túùbù ti ń jò, irin méjì tó fi ń ṣí táyà, agolo gọ́ọ̀mù, àti òkìtì túùbù àlòkù tí àwọn oníkẹ̀kẹ́ ti pa tì. Orí kọnkéré ló ń kúnlẹ̀ sí láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, nítorí kò sẹ́ni tó ń tú táyà ọkọ̀ lórí ìdúró. Kó tó pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún, orúnkún rẹ̀ ọ̀tún ti ń le lówùúrọ̀ bí ilẹ̀kùn irin tí òjò ti pa.

Lọ́jọ́ kan tí ìrora náà pọ̀ ju bó ṣe máa ń rí lọ, ó la túùbù kẹ̀kẹ́ kan sí méjì, ó fi di orúnkún náà gírígírí, bí ẹni tí orí ń fọ́ ṣe ń fi aṣọ di orí. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni pé bí òun bá há ìrora mọ́, ìrora á sú, á sì wábi gbà. Kò tíì fìdí kan ilẹ̀ tí oníbàárà kan gbé táyà mẹ́rin dé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kò ráyè tú rọ́bà. Ó bẹ̀rẹ̀, ó dìde, ó lóṣòó, ó kúnlẹ̀, ó ń fi inú ṣépè fún túùbù. Nígbà tó wá tú u, awọ orúnkún ti ṣì, ó lápá-lápá, lẹ́yìn náà ni ẹ̀jẹ̀ ya padà sínú rẹ̀, ibẹ̀ gbóná bíi pé wọ́n da omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sí i. Ó nà án, ó lọ. Ó ká a, ó bọ̀. Ó rìn yí ìsọ̀ rẹ̀ ká lẹ́ẹ̀mẹta, inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ tí oníbàárà fi rò pé ó fẹ́ sá lọ.

Ẹni tó kọ́kọ́ fara jìn fún un lẹ́yìn òun fúnra rẹ̀ ni ọkùnrin kan tí ń fò kọjá ọ̀pá nínú pápá náà. Àgùnfọn ni wọ́n ń pè é, torí pé kí wọ́n tó rí ìyókù ara rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, orí rẹ̀ á ti wọlé. Orúnkún rẹ̀ kì í ká tó. Ó yà sí ìsọ̀ pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Onírọ́bà ni wọ́n ń pe Baba nígbà náà, irun funfun kò tíì sọ ọ́ di Baba.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi fún un ní afẹ́fẹ́."

"Kẹ̀kẹ́ ni àbí orúnkún? Mo wo bó o ṣe ń bọ̀, orúnkún yẹn ló ń fẹ́ afẹ́fẹ́ jù."

Ó dì í fún un. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Àgùnfọn fò kọjá ọ̀pá kan tó ti ń gbá dànù láti oṣù mẹ́ta. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, Kóòṣì tó ń kọ́ àwọn eléré wọ ìsọ̀ wá pẹ̀lú fèrè lọ́rùn àti ìbínú lójú. Kóòṣì ní ìwé ẹ̀rí méjì, ó sì máa ń jẹ́ kí àwọn ènìyàn mọ̀.

"Ta ló di táyà mọ́ ọmọ mi lẹ́sẹ̀?"

"Túùbù ni, kì í ṣe táyà," Baba dáhùn. "Táyà ò ní lè ká."

Wọ́n fa ọ̀rọ̀ náà díẹ̀. Baba wá ṣàkíyèsí pé apá ọ̀tún Kóòṣì kì í nà tán bó ṣe ń na ìka sí òun lójú, torí ọ̀kọ̀ ló ń jù nígbà èwe rẹ̀. Ó ní kó jókòó. Bí ẹni ń ṣeré, ó di ìgbọ̀nwọ́ náà, ó ní kó máa ká a, kó máa nà án. Nígbà tó tú u, Kóòṣì na apá náà tán pátápátá fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún mélòó kan. Kò dúpẹ́. Ó kàn na apá kejì sí i ni.

Bí Baba Onírọ́bà ṣe dé inú yàrá ìmúra àwọn eléré nìyẹn. Láàárọ̀, á lẹ táyà. Nírọ̀lẹ́, á di oríkèé. Wọ́n fún un ní bẹ́ǹṣì pákó kan lábẹ́ fèrèsé tó kọjú sí ibi iyanrìn tí wọ́n ti ń fò jìnnà. Áà, yàrá yẹn! Ẹni tó bá wọ ibẹ̀ nígbà ayé rẹ̀ kò lè gbàgbé rẹ̀. Kọnkéré tútù, òróró ìfira tí ń ta ènìyàn lójú, bàtà oníṣòó tí ń dún kò-kò-kò lórí ilẹ̀, ẹnìkan tí ń wá ìbọ̀sẹ̀ kejì, ẹnìkan tí ń purọ́ pé òun ò rí i. Lára ìṣó méje tó wà lára ògiri ni Baba máa ń fi rọ́bà rẹ̀ kọ́, fífẹ̀ fún orúnkún, tẹ́ẹ́rẹ́ fún ọrùn ẹsẹ̀ àti ọrùn ọwọ́, ó fọ gbogbo wọn, ó fi ìyẹ̀fun ra wọ́n kó má baà lẹ̀ mọ́ra. Ìgbà yẹn dùn. Àwọn tó wà níbẹ̀ ti darúgbó báyìí, síbẹ̀ bí wọ́n bá gbọ́ òórùn túùbù tuntun lójú títì, wọ́n á dúró díẹ̀.

Baba ní òfin iṣẹ́ rẹ̀, kò sì sí ẹni tó lè yí i lérò padà. Ìsàlẹ̀ oríkèé la ti ń bẹ̀rẹ̀, a ó máa dì í lọ sókè, kí ìlọ́po kan gun ìdajì èkejì, kí a má fi àlàfo sílẹ̀ tí ẹran á yọ jáde. Bí a bá ti dì í, kí ẹni náà má jókòó bí ère. Kó lóṣòó, kó dìde, kó yí ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀. Tí a bá ka oókan dé ọgọ́fà, kí a tú u. Àṣejù, baba àṣetẹ́ ni.

"Rọ́bà kì í ṣe oògùn o," ló máa ń sọ. "Ilẹ̀kùn ló kàn ṣí fún ọ. Ìwọ lo máa fẹsẹ̀ ara rẹ wọlé, kó o sì yára, torí kì í pẹ́ kó tó tún tì."

Kò ní aago. Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ló ń bá a ka ọgọ́fà náà, á máa fi gìgísẹ̀ kan ilẹ̀, tó, tó, tó, kò yára, kò falẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ní tirẹ̀ kò ní ju gbólóhùn kan lọ: "Máa sọ̀rọ̀." Dandan ni. Ẹnikẹ́ni tó bá wà nínú rọ́bà gbọ́dọ̀ máa sọ ìtàn títí Baba á fi tú u, torí ó ti ṣàkíyèsí pé ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ń kú, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló ń kọ́kọ́ kú. Bí ènìyàn bá ti ń kólòlò, Baba á tú u, ì báà jẹ́ ọgọ́ta ló kà dé. Kò sí àṣírí tí kò sí lórí bẹ́ǹṣì yẹn. Ọkùnrin fìrìgbọ̀n kan tí ń ju irin jẹ́wọ́ níbẹ̀ pé alángbá ń ba òun lẹ́rù. Obìnrin asáré kan fi oṣù mẹ́fà sọ ìtàn ọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ òun, ọgọ́fà-ọgọ́fà, àwọn tó kù sì máa ń wá jókòó síbẹ̀ láìsí oríkèé tó ń dùn wọ́n.

Baba fúnra rẹ̀ kò sọ ohunkóhun rí. Àìsọ̀rọ̀ ní í mú ẹnu rùn, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ bá sì ni, ẹnu Baba ì bá ti lé gbogbo ìlú lọ. Ìyàwó rẹ̀ ti kú nígbà tí ọmọ wọn kan ṣoṣo wà ní ọmọ ọdún mẹ́rin. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ín, kò dárúkọ rẹ̀ mọ́, ì báà ṣe fún ọ̀rẹ́, ì báà ṣe fún ọmọ. Ọmọ náà bi í léèrè títí, ó sú u. Kì í ṣe pé kò fẹ́ràn ìyàwó rẹ̀. Ó fẹ́ràn rẹ̀ débi pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ há a lọ́fun ni.

Ọmọ náà ni wọ́n ń pè ní Tata. Inú ìsọ̀ ló dàgbà sí. Baba á tẹ́ táyà kan sílẹ̀, ó fò ó. Ó tẹ́ méjì, ó fò ó. Nígbà tó di ọmọ ọdún mẹ́wàá, táyà ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ márùn-ún ló ń fò kọjá láìfi ẹsẹ̀ kàn án. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í dúró, ẹnu rẹ̀ náà kì í dúró. Nígbà tí Kóòṣì gbà á sínú àwọn tí ń fò jìnnà, kò sí ẹni tó rọrùn láti dì bíi rẹ̀, torí Baba kò ní láti sọ pé "máa sọ̀rọ̀" fún un rí. Ọrùn ẹsẹ̀ òsì, èyí tó fi ń ta kúrò nílẹ̀, ló máa ń le. Baba á dì í, Tata á máa rojọ́ ilé ìwé, ẹsẹ̀ Baba á máa kan ilẹ̀, ara Baba á sì balẹ̀ bí ara ẹni tó wà nílé.

Ó pé ọmọ ogún ọdún nígbà tí ọjọ́ àṣàyàn dé, ọjọ́ tí wọ́n máa mú ẹni mẹ́ta péré tó máa ṣojú ìlú níbi ìdíje òkèèrè. Tata ti fò lẹ́ẹ̀márùn-ún, ipò kẹrin ló wà. Ó ku ẹ̀ẹ̀kan. Ó tiro wọ yàrá ìmúra, ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ ti le.

"Bàbá, ẹ bá mi dì í. Wọn ò ní pẹ́ pè mí."

Baba mú rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́, ó dì í, gìgísẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí kan ilẹ̀. Tata kò sọ̀rọ̀. Ọmọ tí ẹnu rẹ̀ kì í dúró, ètè rẹ̀ ń gbọ̀n.

"Máa sọ̀rọ̀."

"Mi ò lè sọ nǹkan kan, Bàbá. Ẹ̀rù ń bà mí. Ẹ̀yin náà ẹ sọ̀rọ̀ lónìí. Ẹ sọ ti Màámi fún mi."

Ta ló mọ ohun tó ṣí Baba lọ́fun lọ́jọ́ náà? Bóyá ètè tí ń gbọ̀n yẹn ni, nítorí ètè ìyá rẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ náà kàn ń bọ̀ ni, kò sì lè dá a dúró.

"Kẹ̀kẹ́ ni màmá rẹ ń gùn nígbà yẹn. Kẹ̀kẹ́ dúdú kan. Ó gbé e wá sí ìsọ̀, ó ní táyà ẹ̀yìn ń jò. Mo tú u, mo fa túùbù yọ, mo tì í bọnú agbada. Mo yí i, mo yí i. Omi ò hó. Túùbù yẹn ò jò rárá, Tata. Ó kàn tú afẹ́fẹ́ rẹ̀ dànù lójú ọ̀nà ni kó lè rí ohun tó máa gbé e wá. Mo gbójú sókè wò ó, ó ń wo ibòmíràn bí ẹni tí ò mọ nǹkan kan…"

Ó sọ bó ṣe dúró àti aṣọ tó wọ̀. Ó sọ ọ́ pẹ̀lú ẹ̀rín, omijé sì wà lójú rẹ̀. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn pe orúkọ Tata lẹ́ẹ̀kan, Baba kò gbọ́. Ó pè é lẹ́ẹ̀kejì. Ìgbà náà ni Baba wo ilẹ̀, tó rí i pé ẹsẹ̀ òun ti dúró. Kò mọ ìgbà tó dúró. Ó wo ìka ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀, ó ti rí bí eérú.

Ó já rọ́bà náà kúrò.

"Ṣé o mọ ilẹ̀ lára? Tẹ ilẹ̀ kí n rí i. Ṣé o mọ̀ ọ́n lára?"

"Bẹ́ẹ̀ ni," Tata wí, ó sì sáré jáde.

Láti ojú fèrèsé ni Baba ti wò ó. Ó sáré wá, ó dáa, ó dáa gan-an, kò tíì sáré báyẹn rí. Ó dé orí pákó tí wọ́n ti ń ta, ẹsẹ̀ òsì náà sì balẹ̀ bí ẹsẹ̀ ẹlòmíràn. Ó yẹ̀. Baba gbọ́ ìró rẹ̀ láti ibi tó wà. Lẹ́yìn náà ni igbe.

Dókítà ní iṣan tó já níbẹ̀ kò ní dà bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, òótọ́ ló sì sọ. Tata tún rìn, ó tún sáré díẹ̀, ṣùgbọ́n fífò ti tán. Gbogbo ènìyàn ní pákó ló tutù, pé òjò àná kò tíì gbẹ lórí rẹ̀. Baba gbọ́ ọ, ó dákẹ́. Kóòṣì fi ọwọ́ lé e léjìká, ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, Baba, òjò ò mọ ẹni ọ̀wọ̀," ó tún dákẹ́. Ọ̀sẹ̀ kejì, ó kó rọ́bà rẹ̀ kúrò lára ìṣó méjèèje, ó ní ọwọ́ ń dun òun. Kò tún di oríkèé ẹnikẹ́ni mọ́.

Tata lọ di olùkọ́ eré ìdárayá ní ilé ìwé kan ní ìlú tó jìnnà, ó ṣe ìgbéyàwó, ó bímọ. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ló máa ń wá. "Bàbá, ṣé ẹ ti jẹun?" "Mo ti jẹun." "Ṣé ara le?" "Ara le. Àwọn ọmọ ńkọ́?" "Wọ́n wà." Àwọn méjì tó ti ń fi ọgọ́fà-ọgọ́fà gbé ayé pọ̀, ìkíni ló kù láàárín wọn. Ọdún méjìlélógún ni Baba fi gbé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sáyà: èmi ni mo gbàgbé láti kà. Bó bá fẹ́ sọ ọ́, Tata á ti máa di ẹrù rẹ̀. Bó bá ti lọ, Baba á ní ó di ìgbà tó bá tún wá.

Ìwé wá dé láti ọ̀dọ̀ àwọn eléré àtijọ́. Wọ́n fẹ́ wó yàrá ìmúra láti kọ́ tuntun, kí wọ́n tó wó o, wọ́n fẹ́ pe àwọn tó sin pápá náà tọkàntọkàn, kí wọ́n fún wọn ní àmì ẹ̀yẹ. Àgùnfọn fúnra rẹ̀ ló fọwọ́ sí i, ó sì fi kálámù kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ pé ọwọ́ Baba ló gbé òun fò. Baba ka ìwé yìí, ó kán an lára. Kí wọ́n máa yin ọwọ́ tó ba ti ọmọ òun jẹ́, lójú ọmọ náà! Ó pinnu pé kí wọ́n tó pe òun síta, òun á ti sọ ọ́ fún Tata. Bí Tata bá ní kí òun padà sílé, òun á padà sílé.

Tata gbé ọkọ̀ rẹ̀ wá mú un. Ọ̀nà kò jìnnà, ṣùgbọ́n Baba ti pé ẹni àádọ́rin ọdún, ìjókòó inú ọkọ̀ sì há orúnkún ọ̀tún náà pátápátá. Wọ́n dé yàrá ìmúra, ó wó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, kò lè dìde. Òde ń hó, pápá kún, yàrá náà ṣófo. Tata kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, ó sì fa páálí rọ́bà yọ nínú báàgì. Ibẹ̀ ni Baba ti sọ ti ọkùnrin tí ń rẹ́rìn-ín.

"Ẹ jẹ́ n dì í fún yín, Bàbá. Àwọn ọmọ ilé ìwé mi ni mo máa ń dì í fún."

"Láti ìsàlẹ̀ o. Má fi àlàfo sílẹ̀."

"Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi." Ó dì í, ó le dáadáa, ẹ̀rín kò sí níbẹ̀. Ó di ẹsẹ̀ náà mú, ó ń ká a, ó ń nà án, ó sì gbójú sókè. "Ẹ máa sọ̀rọ̀, Bàbá."

Baba wo ojú ọmọ rẹ̀.

"Kì í ṣe òjò," ló wí. "Ọjọ́ yẹn. Pákó yẹn ò tutù. Èmi ni. Mo ń sọ̀rọ̀, mo gbàgbé láti kà. Ẹsẹ̀ rẹ ti kú kí n tó tú u. Èmi ni mo já iṣan yẹn, mo sì jẹ́ kí wọ́n máa bú òjò. Mo jẹ́ kó tó ọdún méjìlélógún. Mo bẹ̀ ọ́, ọmọ mi."

Tata kò dáwọ́ dúró. Ó ká ẹsẹ̀ náà, ó nà án.

"Mo mọ̀, Bàbá."

"O mọ̀?"

"Ẹsẹ̀ yín ni mò ń wò. Ó dúró nígbà tẹ́ ẹ dé ibi tí Màámi ti gbé kẹ̀kẹ́ wọlé. Mo rí i pé ẹ ò kà mọ́, mo wá ń kà á fúnra mi. Mo ka ọgọ́fà. Mo dákẹ́. Mo ka igba, mi ò mọ ìka ẹsẹ̀ mi lára mọ́. Mo ka ọ̀ọ́dúnrún, mo wá jáwọ́ nínú kíkà."

"Kí ló dé tí o ò pariwo? Tata! Kí ló dé tó o sọ pé o mọ ilẹ̀ lára?"

"Ẹ ò sọ ti Màámi fún mi rí." Ohùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí já. "Mo ní bí mo bá ní kẹ́ ẹ tú u, ẹ máa dákẹ́, ẹ ò sì ní sọ ọ́ mọ́. Mo fẹ́ gbọ́ ọ ju bí mo ṣe fẹ́ fò lọ. Èmi ni mo jẹ́ kó pẹ́. Mo sì ti rò láti ìgbà yẹn pé ẹ mọ̀, pé ìyẹn lẹ ṣe ń bínú sí mi tẹ́ ò fi bá mi sọ̀rọ̀ mọ́."

Baba tẹ̀ síwájú lórí bẹ́ǹṣì. Ó gbé ọwọ́ lé orí ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún méjìlélógójì, ìyá ọmọ mẹ́ta, ó ń fọwọ́ pa á lórí bí ìgbà tó wà ní kékeré. Ó ń sunkún, kò sì fi pamọ́.

Tata tú rọ́bà náà, kò pẹ́ jù. Ẹ̀jẹ̀ ya padà sínú orúnkún Baba, ó gbóná. Lóde, ẹ̀rọ gbohùngbohùn dún: "Baba Onírọ́bà! Ẹ jọ̀ọ́, kí Baba Onírọ́bà bọ́ síta o!" Àtẹ́wọ́ sọ. Baba fi ọwọ́ ti bẹ́ǹṣì, ó fẹ́ dìde, orúnkún náà sì gbà fún un. Tata fi ọwọ́ dá a padà jókòó.

"Wọ́n á tún pè. Túùbù ò jò, omi ò hó, ẹ gbójú sókè wò ó. Kí lẹ wá sọ fún un?"

"Mo ní, 'Sìsí, táyà yìí ò jò o.'"

"Kí ni Màámi wí?"

"Ó ní, 'Ẹ tún un wò.'" Baba nu ojú rẹ̀. "Mo tún un wò. Mo tún un wò títí ilẹ̀ fi ṣú."

Wọ́n pè é lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n pè é lẹ́ẹ̀kẹta. Kò sẹ́ni tó dìde nínú àwọn méjèèjì.